Ẹ yé ka gíláàsì nìkan tí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ fèrèsé

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú akitiyan. Ọ̀rọ̀ fèrèsé ni mo bá wá, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín o. Ẹni tó bá ń gbé níbi tí òtútù ti ń sọ omi di yìnyín mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àwàdà, torí èèyàn á jókòó sínú ilé ara ẹ̀, hítà á máa ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, owó á máa lọ, síbẹ̀ ẹsẹ̀ á tutù bí ẹsẹ̀ ẹni tó dúró sínú odò. Tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wá béèrè pé fèrèsé wo ni kóun fi rọ́pò èyí tó ti gbó, ìdáhùn kan náà ni gbogbo èèyàn máa ń fún un: ra onígíláàsì mẹ́ta, èyí tí wọ́n to gíláàsì mẹ́ta tẹ̀ léra nínú férémù kan. Ó tán. Ohun tí wọ́n sọ fún èmi náà nìyẹn, mo sì rà á.

Òtútù àkọ́kọ́ tó mú lẹ́yìn tí wọ́n fi í tán, mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tuntun mi, atẹ́gùn ń fẹ́ sí mi lọ́rùn. Mo pe àwọn tó wá fi í (mi ò ní dárúkọ wọn), ẹni tó gbé fóònù ní òtútù ọdún yìí ló le. Àbí ẹ ò rí nǹkan! Mo wá tan àbẹ́là, mo ń gbé e yí fèrèsé náà ká díẹ̀díẹ̀, mo ká kọ́tíìnì kúrò ńlẹ̀ o kí n má lọ dáná sunlé, iwájú gíláàsì iná ò mì rárá, àmọ́ bó ṣe dé ibi tí férémù ti pàdé ògiri báyìí, ó tẹ̀ bíi pé ẹnì kan ń fẹnu fẹ́ ẹ. Mo yọ pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi bo ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Àlàfo tó gba ìka mi méjì ni mo bá níbẹ̀, kò sí fóòmù, kò sí òwú, òfìfo lásán. Wọ́n kàn kan pákó bo ihò ni. Gíláàsì mẹ́ta tí mo fowó rà dúró síbẹ̀ ó ń wò mí, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ni òtútù ń gbà wọlé.

Ìdí tí mo fi kọ lẹ́tà yìí nìyẹn. Ẹni tó máa fi fèrèsé síbẹ̀ ṣe pàtàkì ju iye gíláàsì inú ẹ̀ lọ, ìbéèrè tó sì yẹ kéèyàn fi lé e lọ́wọ́ kó tó gba owó ni pé kí lo máa kì sínú àlàfo yẹn, báwo lo ṣe máa dí i níta tómi òjò ò fi ní wọ ara ògiri, báwo lo ṣe máa dí i nínú. Fóòmù tí wọ́n ń fọ́n sínú àlàfo fèrèsé náà ní tiẹ̀ o, èyí tí kì í wú púpọ̀, torí tẹ́ ẹ bá lo èyí tó ń wú gan-an, ó máa ti férémù wọnú, fèrèsé á wá há, kò ní ṣí kò ní pa dáadáa. Kẹ́ ẹ sì tún béèrè bóyá férémù àtijọ́ ni wọ́n máa fi tuntun sí nínú àbí wọ́n máa yọ gbogbo ẹ̀ dé ara ògiri. Ti àkọ́kọ́ yá, owó ẹ̀ sì kéré, àmọ́ tí igi àtijọ́ bá ti jẹrà, ẹ kàn fi aṣọ tuntun bo egbò ni, ìhà tí afẹ́fẹ́ ti ń wọlé tẹ́lẹ̀ á ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ wá jẹ́ ká sọ ti fèrèsé gan-an. Nọ́ḿbà kan wà tí wọ́n ń pè ní U-value, òun ló ń sọ bí ooru ṣe ń tètè gba ara fèrèsé jáde, bó bá ṣe kéré tó ló ṣe dáa tó. Gíláàsì ẹyọ kan, nǹkan bíi 5 sókè ni tiẹ̀. Oníméjì ayé àtijọ́ máa tó 2.8. Oníméjì òde òní tí wọ́n kun Low-E sí lára tí wọ́n sì ki gáàsì argon sáàárín ẹ̀ lè wálẹ̀ sí 1.2 tàbí 1.4, onímẹ́ta tó dáa á dé 0.8 tàbí kó tiẹ̀ kéré sí i. Ẹ wò ó dáadáa, láti oníméjì àtijọ́ sí oníméjì tuntun, nọ́ḿbà yẹn já ju bó ṣe já láti oníméjì tuntun sí onímẹ́ta lọ, gíláàsì ò sì lé kan o, kíkùn àti gáàsì ló ṣe é. Low-E yẹn, irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tójú ò lè rí ni wọ́n kùn sí gíláàsì lára, òun ló ń dá ooru inú ilé padà sínú ilé. Argon ní tiẹ̀ kì í tètè gbé ooru kọjá bíi afẹ́fẹ́ lásán, àlàfo tó máa ń bá a mu sì tó mìlímítà 12 sí 16, tó bá fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ gáàsì náà á bẹ̀rẹ̀ sí í yípo nínú ẹ̀, á máa gbé ooru kiri.

Ọgbọ́n táwọn tó ń tà á wá ń dá rèé: nọ́ḿbà àárín gíláàsì nìkan ni wọ́n máa sọ fún yín, torí òun ló dùn ún gbọ́, wọn ò ní sọ ti férémù àti etí gíláàsì tí òtútù ń gbà kọjá jù. Ẹ sọ fún wọn pé ti odidi fèrèsé lẹ fẹ́, Uw ni wọ́n máa ń kọ ọ́ nínú ìwé wọn, èyí tí wọ́n bá kọ Ug sí, ti gíláàsì nìkan nìyẹn. Ẹ sì ṣọ́ra tẹ́ ẹ bá ń ka nǹkan látorí íntánẹ́ẹ̀tì, ìwọ̀n tí Amẹ́ríkà ń lò yàtọ̀, 0.30 tiwọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1.7 tí wọ́n bá fi ìwọ̀n onímítà ṣe é, ẹ má lọ fi ọ̀pá wé òkúta.

Férémù ńkọ́? Àlùmíníọ̀mù lásán níbi tó tutù, ẹ sá fún un jàre, irin ni, bíi ṣíbí inú omi gbígbóná ni ooru á ṣe gba ara ẹ̀ kọjá, àfi tí wọ́n bá fi ike gé e láàárín kí irin inú má fara kan irin ìta. Férémù ike owó ẹ̀ ò pọ̀, kò fẹ́ ọ̀dà, igi rẹwà ó sì ń gba ooru dúró, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti gbàgbé àtikùn ún, ó ti jẹrà nìyẹn. Bó ṣe ń ṣí náà ṣe pàtàkì. Èyí tó ń ṣí bí ilẹ̀kùn máa ń tẹ rọ́bà mọ́lẹ̀ gbọin tẹ́ ẹ bá tì í, èyí tó ń fà lọ fà bọ̀ ò lè rí bẹ́ẹ̀ ṣe torí ó gbọ́dọ̀ ráyè rìn, àyè tó fi ń rìn yẹn ni atẹ́gùn náà ń gbà. Tẹ́ ẹ bá sì ń yan ti yàrá tẹ́ ẹ̀ ń sùn sí, ẹ rí i pé ó ṣí fẹ̀ débi téèyàn lè gbà jáde tí iná bá sọ lóru, ìyẹn ò gba àlàyé.

Ohun kan tún wà táwọn èèyàn kì í rò, oòrùn. Níbi tó tutù, oòrùn tó bá gba ojú fèrèsé wọlé hítà ọ̀fẹ́ ni. Low-E tí wọ́n ṣe fún ilẹ̀ olóoru ń lé oòrùn padà, tí wọ́n bá fi irú ẹ̀ sí apá ibi tí oòrùn ti ń wọ ilé yín (apá gúúsù ni fún ẹni tó bá wà ní ìhà àríwá ayé), ẹ ti ti hítà ọ̀fẹ́ síta nìyẹn. Gíláàsì kẹta náà máa ń dín oòrùn àti ìmọ́lẹ̀ kù díẹ̀. Ní tèmi o, tí mo bá tún máa rà, màá fi onímẹ́ta sí apá tí oòrùn kì í dé, kí n fi oníméjì tó dáa tó ń gba oòrùn wọlé sí apá kejì.

Ẹ má sì tètè rò pé tómi bá ti ń kán lára fèrèsé ó ti bàjẹ́. Tómi bá wà lójú gíláàsì tó kọjú sínú ilé, omi inú afẹ́fẹ́ ilé ló pọ̀ jù, aṣọ tẹ́ ẹ sá sínú ilé àti èémí yín ni, ẹ̀ ń fẹ́ kí afẹ́fẹ́ máa jáde díẹ̀ ni o, torí fèrèsé tuntun tó dí gbọin gan-an ló tún máa dá kún un, ògiri á wá bẹ̀rẹ̀ sí í hu èbu. Tó bá wà níta ní àárọ̀, inú yín kó dùn, ooru yín ò jáde ni. Èyí tó bá wà láàárín gíláàsì méjèèjì téèyàn ò lè nù ún ni àmì pé ìdè etí ẹ̀ ti já, síbẹ̀ náà gíláàsì yẹn nìkan lè ṣe é pààrọ̀ tí férémù bá ṣì le, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń ta odidi fèrèsé tó máa sọ ìyẹn fún yín.

Kódà ẹlòmíì ò nílò fèrèsé tuntun rárá, rọ́bà etí ẹ̀ ló ti gbó, owó táṣẹ́rẹ́ ni, tàbí kó fi gíláàsì kan sí i láti inú. Tí òrùlé ẹ bá ń jo ooru, òrùlé ni kó o kọ́kọ́ tún ṣe. Owó fèrèsé kì í tètè padà látinú owó iná, ọ̀pọ̀ ọdún ni, ẹni tó bá sọ fún yín pé ọdún méjì tàbí mẹ́ta ló máa fi padà, ọjà ló ń tà.

Èmi wá ra fóòmù fúnra mi, mo kì í sínú àlàfo yẹn, mo dá pákó padà, àbẹ́là ò mì mọ́. Ó ku ilẹ̀kùn onígíláàsì tó wà lẹ́yìn ilé, òun náà ti bẹ̀rẹ̀. Olóòtú, tí òǹkàwé kan bá wà tó mọ bí wọ́n ṣe ń dí ìsàlẹ̀ irú ẹ̀ tí kò fi ní há, ẹ bá mi tẹ ìdáhùn ẹ̀ jáde.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín tí ọrùn ẹ̀ ti móoru