Lẹ́tà sí Àjọkẹ́: Èrò mélòó ló ń balẹ̀ ní Heathrow lójúmọ́?

Àjọkẹ́ ọmọ mi,

Látìgbà tí o ti pè mí, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi ọ̀rọ̀ wá ọ lẹ́nu wò fún yìí kò kúrò lọ́kàn mi. O ní wọ́n máa ń bi àwọn tó ń wáṣẹ́ níbẹ̀ pé èèyàn mélòó ló ń fi bàlúù dé Heathrow, pápákọ̀ òfurufú ńlá Lọ́ńdọ̀nù, lójúmọ́, àyà rẹ sì ń já torí pé o ò mọ iye náà. Wọn ò retí pé kí o mọ̀ ọ́n. Bí o ṣe máa ronú dé ibẹ̀ ni wọ́n fẹ́ rí.

Wo bí àwọn alásè ilé wa ṣe ń ṣe. Alásè kì í dúró ka orí àlejò. Kánópì mélòó lẹ fẹ́ ta? Àga mélòó ló máa wà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan? Ṣé wọ́n máa kún? Ohun tó ń bi olóde nìyẹn, ibẹ̀ ló sì ti ń mọ iye àpò ìrẹsì tó máa sè. Ìwọ náà, wá ohun tó ṣeé kà, kí o gba ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ èyí tí kò ṣeé kà.

Ibi tó há jù ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Ilé mẹ́rin tí èrò ti ń wọ bàlúù, tí wọ́n ń pè ní terminal, ló ń ṣiṣẹ́ ní Heathrow, àmọ́ ojú ọ̀nà tí bàlúù ń sá lé kò ju méjì lọ. Wọ́n sábà máa ń fi ọ̀kan balẹ̀, kí wọ́n fi èkejì gbéra. Tí atẹ́gùn bá ń fẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn, aago mẹ́ta ọ̀sán ni wọ́n ń pààrọ̀ méjèèjì, kí etí àwọn tó ń gbé lábẹ́ ibẹ̀ lè sinmi. Bàlúù ńlá máa ń da afẹ́fẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ rú gan-an, nítorí náà èyí tó tẹ̀ lé e gbọ́dọ̀ jìnnà sí i. Fojú bù ú pé ọ̀kan ń balẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan ààbọ̀: 40 ní wákàtí kan. Láti bí aago mọ́kànlá alẹ́ sí mẹ́fà ìdájí, ìwọ̀nba díẹ̀ ni wọ́n ń gbà láàyè, kí aráàlú lè sùn. Wákàtí 17 ló kù, bàlúù 680 nìyẹn.

Ó wá ku àwọn tó wà nínú wọn. Nínú bàlúù márùn-ún, ka mẹ́ta sí kékeré, irú A320 tó ń ti àwọn ìlú Yúróòpù bọ̀, kí o fún un ní ìjókòó 160. Ka méjì sí ńlá, irú èyí tó ń ti Èkó àti Amẹ́ríkà bọ̀: 290. Tí o bá pín in dọ́gba, ó tó bí 210. Tí ìdá 80 nínú 100 bá ní èèyàn, 168 nìyẹn. 168 lọ́nà 680 jẹ́ 114,240.

Má sọ 114,240 fún wọn o. Nọ́ńbà tí a fojú bù kò lè bí èyí tó pé bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá gbọ́ ọ á rò pé o ò mọ ohun tí o gbé dání. Sọ pé bí 115,000.

Lẹ́yìn náà, gba ọ̀nà mìíràn yẹ̀ ẹ́ wò. Lọ́dún 2024, èrò tó gba Heathrow kọjá tó mílíọ̀nù 83.9, àti àwọn tó dé àti àwọn tó lọ. Pín in sí méjì, kí o pín in fún ọjọ́ 366: bí 114,600. Inú mi dùn nígbà tí mo rí i, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí o mọ̀ pé oríire wà níbẹ̀. Ìwé àṣẹ tí wọ́n fi kọ́ Terminal 5, ọ̀kan nínú ilé mẹ́rin yẹn, sọ pé ìgbéra àti ìbalẹ̀ kò gbọdọ̀ ju 480,000 lọ́dún. Ìyẹn kò lè ju bí ìbalẹ̀ 657 lójúmọ́ lọ, nítorí náà 680 wa pọ̀ jù. Èèyàn 168 wa ló kéré, ni àṣìṣe méjèèjì bá pa ara wọn. Jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ pé iye èèyàn inú bàlúù kan ni kò dá ọ lójú jù.

Ohun tó tún ká mi lára jù gbogbo rẹ̀ lọ: bi wọ́n ní ìbéèrè kí o tó dá wọn lóhùn. Ta ni wọ́n ń pè ní ẹni tó dé? Ọ̀pọ̀ èrò tó balẹ̀ ní Heathrow kò jáde sí ìgboro Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n kàn wọ bàlúù mìíràn ni. Tó bá jẹ́ pé wọ́n fẹ́ mọ iye òṣìṣẹ́ tó máa wo ìwé ìrìnnà, 115,000 á ṣì wọ́n lọ́nà. Tó bá jẹ́ ti ibi tí wọ́n ti ń yẹ èrò wò kí wọ́n tó wọ bàlúù mìíràn, àwọn yẹn gan-an ló ṣe kókó.

Iṣẹ́ kan rèé kí n tó pè ọ́ ní Sátidé: fojú bu ti pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà fún mi, má sì wo íntánẹ́ẹ̀tì. Ojú ọ̀nà méjì ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n bàlúù kì í tẹ̀ lé ara wọn ní ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ níbẹ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ibòmíràn ló há. Sọ ibẹ̀ fún mi kí o tó sọ iye kankan.

Màmá rẹ ń kí ọ.

Èmi ni bàbá rẹ.