Ẹ̀sùn lórí mẹ́mọ́rì káàdì méjì tí ẹ tà fún mi

Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn.

Sí ọ̀gá tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ oníbàárà,

Ẹ̀yin ọ̀gá mi,

Ẹ kú iṣẹ́. Ó ti lé ní ọdún mẹ́rin tí mo ti ń rajà lọ́wọ́ yín. Bátìrì, iná, lẹ́ńsì kan, báàgì kámẹ́rà, ọ̀dọ̀ yín ni gbogbo wọn ti wá. Ẹ kò ta ayédèrú fún mi rí, ìdí sì nìyẹn tí n kò fi pariwo síta kí n tó kọ lẹ́tà yìí. Ọ̀rọ̀ mẹ́mọ́rì káàdì 128 GB méjì tí mo rà lọ́wọ́ yín lóṣù tó kọjá, ₦58,000 fún méjèèjì, ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ yín.

Kí n tó sanwó, mo bá ọmọkùnrin tó ń dáhùn lórí WhatsApp yín sọ̀rọ̀. Mo sọ fún un pé Panasonic GH5 ni kámẹ́rà mi, pé fídíò 4K, èyí tó mọ́ kedere gan-an, ni mo fẹ́ fi gbà, pé 400 Mbps ni mo sì fẹ́ fi gbà á (Mbps ni ìwọ̀n dátà tí fídíò ń kó ní ìṣẹ́jú-àáyá kan). Ìdí tí mo fi fẹ́ 400 ni pé, níbẹ̀, kámẹ́rà máa ń tọ́jú àwòrán kọ̀ọ̀kan lódindi, kì í ká wọn pọ̀ mọ́ra, kọ̀ǹpútà mi tó ti ń darúgbó kì í sì í ṣe wàhálà tí mo bá fẹ́ gé e. Mo ṣàlàyé gbogbo èyí fún ọmọ náà. Èsì rẹ̀ ṣì wà lórí fóònù mi: “Sà, ẹ fọkàn balẹ̀. 170 ni eléyìí. Ó máa gbé e dáadáa.” Mo fọkàn balẹ̀, mo sanwó.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, a wà ní Ìṣẹ́yìn, níbi ìgbéyàwó ìbílẹ̀. Mo gbé GH5 sórí ẹsẹ̀ rẹ̀ níwájú àwọn òbí ìyàwó, èmi fúnra mi sì gbé kámẹ́rà kejì lọ́wọ́, mò ń rìn káàkiri. Ọkọ ìyàwó àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀kíní, alága ìjókòó ní kò dára tó, kí wọ́n tún un ṣe. Ibẹ̀ ni GH5 kọ́kọ́ dúró. Mo rí i pé àmì pupa ti kúrò lójú rẹ̀, mo tún un tẹ̀, ó ń lọ. Ó tún dúró nígbà tí wọ́n ń ka lẹ́tà. Mo rò pé okùn ni mo fẹsẹ̀ kọ́.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n pe ìyá ìyá ìyàwó. Màmá náà ti kọjá ọgọ́rin ọdún, èèyàn méjì ló mú un dìde. Ó gbé ọwọ́ lé orí ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó wà lórí ìkúnlẹ̀, gèlè ọmọ náà wọ́ díẹ̀, kò sẹ́ni tó tún un ṣe. Onílù fúnra rẹ̀ dá ọwọ́ dúró. Màmá wá bẹ̀rẹ̀ sí í ki ọmọ náà, láti ìdí baba ńlá wọn bọ̀. Èmi wà lápá ẹ̀yìn, níbi tí mo ti ń gba ojú àwọn ènìyàn tó ń sunkún. Nígbà tí mo padà dé ìdí GH5, ọ̀rọ̀ kan wà lójú rẹ̀ pé káàdì kò lè gbà á tó bí òun ṣe ń kọ ọ́, pé òun ti dáwọ́ dúró. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ó lé díẹ̀ ti lọ. Ẹ̀yìn orí àwọn èèyàn ni kámẹ́rà ọwọ́ mi gbà, a sì ń gbọ́ ohùn Màmá láti òkèèrè, ó ń dún bí ẹni tó wà nínú yàrá kejì. Nígbà tí bàbá ìyàwó wo iṣẹ́ náà, ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí: “Màmá ńkọ́?” Mo dá ìdá kan nínú mẹ́rin owó iṣẹ́ padà fún wọn, wọn kò tilẹ̀ béèrè.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣe ìṣirò tí ọmọ yín kò ṣe. “b” kékeré ló wà nínú Mbps, “B” ńlá ló wà nínú MB, mẹ́jọ kékeré ló sì ń di ńlá kan. Ẹ pín 400 sọ́nà mẹ́jọ, 50 ni ẹ ó rí. Ìyẹn ni pé kámẹ́rà mi ń da 50 MB lé káàdì lórí ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, kò sì ní í mí. Fọ́tò ṣì rọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ: bí mo bá tẹ̀ ẹ́ léraléra, kámẹ́rà ní àyè kan nínú ikùn ara rẹ̀ tó máa ń kó wọn sí ná kó tó tú wọn sórí káàdì. Bí káàdì bá lọ́ra, n óò kàn dúró díẹ̀ ni. Fídíò kò ní sùúrù yẹn. Ẹ gbé garawa omi, kẹ́ ẹ máa dà á sẹ́nu ìgò láìdáwọ́ dúró, ẹ óò rí ibi tí omi ń gbà.

Kí ló wà lára káàdì yín? “170 MB/s” ló tóbi jù lọ níbẹ̀. Ìyára kíkà ni 170 yẹn, ohun tí mo nílò nígbà tí mo bá délé tí mo fẹ́ kó iṣẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Kámẹ́rà kì í kà lóde ìyàwó, kíkọ ló ń kọ. Àti pé 170 ọ̀hún pàápàá, UHS-I ni káàdì yìí, ìyẹn orúkọ ọ̀nà tí dátà ń gbà wọlé tó sì ń gbà jáde lára rẹ̀, 104 MB/s sì ni òpin UHS-I nínú ìlànà káàdì SD. Kó tó lè kọjá ibẹ̀, àfi kó bá card reader, ẹ̀rọ tí a fi ń ka káàdì sínú kọ̀ǹpútà, tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ṣe fún irú rẹ̀ pàdé. Nínú tèmi, 91 ni mo rí. N kò bínú sí ìyẹn.

Ohun tó kan iṣẹ́ mi ni V30 tí wọ́n kọ sí igun kan, tó jẹ́ pé mo ní láti wọ awò ojú mi kí n tó rí i. Ohun tí V30 ń sọ ni pé bó ti wù kí nǹkan rí, kíkọ káàdì yìí kò ní wálẹ̀ ju 30 MB lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá. V60 ṣèlérí 60, V90 ṣèlérí 90. Iṣẹ́ tó ń fẹ́ 50, V60 ló tọ́ sí i. Nígbà tí Panasonic fi 400 Mbps yìí kún GH5 lọ́dún 2017, ohun tí àwọn náà sọ nìyẹn.

Mo dán káàdì méjèèjì wò nílé. Mo da fáìlì ńlá kan sórí wọn, mo sì ń wo bó ṣe ń lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ ní 84, inú mi dùn. Kò pẹ́, ó di 60, ó di 41, ó wá jókòó sí 38. Kò wálẹ̀ dé 30. Káàdì náà kì í ṣe ayédèrú, ohun tó kọ sára gan-an ló ṣe. Èmi náà sì ní ẹ̀bi tèmi: ó yẹ kí n ti dán an wò kí n tó gbé e lọ Ìṣẹ́yìn. Mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí bọ̀ láti ọdún mẹ́sàn-án, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní Mọ́ńdè, mo pe ọ́fíìsì yín. Ọmọbìnrin tó gbé fóònù bọ̀wọ̀ fún mi dáadáa, ṣùgbọ́n ó ní kámẹ́rà mi ló ń ṣàìsàn. Mo ní ní 100 Mbps àti 150 Mbps, káàdì kan náà, kámẹ́rà kan náà, kì í dúró. Ó ní káàdì náà ní C10, ó ní U3, ó tún ní V30: “Gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ní, sà.” Ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa mí nínú ìbínú. C10 ṣèlérí 10, U3 ṣèlérí 30, V30 náà tún ṣèlérí 30 kan náà. Ó dà bí ẹni tó ní bàbá òun ń bọ̀, dádì òun ń bọ̀, ẹni tó bí òun náà ń bọ̀, tá a wá lọ tọ́jú àga mẹ́ta. Ó wá gbà mí nímọ̀ràn pé kí n fowó kún un, kí n ra èyí tó ní A2, pé ìyẹn ló yára jù. A2! Ti fóònù ni A1 àti A2, fún ẹni tó bá fẹ́ gbé app sórí mẹ́mọ́rì. Kò kan fídíò kámẹ́rà rárá.

Mo wá lọ wo ìkànnì yín. Bí èèyàn bá ní kí ẹ to káàdì láti orí èyí tó yára jù, ìyára kíkà ni ẹ fi ń tò wọ́n. Mo rí V60 kan tó wà nísàlẹ̀ tèmi, nítorí pé 150 ni wọ́n kọ gàdàgbà sí ara rẹ̀. Káàdì tó yẹ kí n rà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ̀yin lẹ fi pamọ́ fún mi. Àwọn mìíràn wà tí ẹ kọ “1000x” sí, láìṣàlàyé. “x” kan jẹ́ 150 KB, ìyára CD ayé ìgbà kan, 1000x sì jẹ́ 150 MB. Ta ló tún ń fi CD wọn nǹkan?

Lábẹ́ káàdì tèmi, ẹ kọ ọ́ pé “Ó yẹ fún gbogbo kámẹ́rà 4K.” 4K wo? Lórí GH5 tèmi nìkan, 4K ní 100 Mbps ń fẹ́ 12.5 MB, ní 150 Mbps ó ń fẹ́ 18.75, ní 400 ó ń fẹ́ 50. V30 ń tó méjì àkọ́kọ́, ó tilẹ̀ ń ṣẹ́kù. Kí ẹ má sì wá tìtorí ẹ̀sùn mi máa ti gbogbo oníbàárà sí V90. Ọmọ iṣẹ́ mi tó ń ya fọ́tò ayẹyẹ, V30 ti tó o, kámẹ́rà rẹ̀ kò tilẹ̀ ní ìlà irin kejì tó ń bá UHS-II, ìran tó tẹ̀ lé UHS-I tí V90 ń lò, ṣiṣẹ́, owó dànù ni yóò jẹ́ fún un.

Ohun tí mo ń béèrè ni pé kí ẹ gba káàdì méjèèjì padà, kí ẹ fún mi ní V60 méjì tó tó 128 GB. Bí owó bá lé, n óò san èyí tó lé. Kí ẹ kọ ìyára kíkọ tó kéré jù sí iwájú orúkọ káàdì kọ̀ọ̀kan lórí ìkànnì yín, kí ẹ sì yọ “gbogbo kámẹ́rà 4K” yẹn kúrò. Kí ẹni tó ń dáhùn lórí WhatsApp sì máa béèrè iye Mbps kó tó sọ pé kí èèyàn fọkàn balẹ̀. N kò béèrè owó tí mo dá padà ní Ìṣẹ́yìn. N kò tí ì gbé ọ̀rọ̀ náà dé FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, n kò sì fẹ́ gbé e débẹ̀ tí mo bá gbọ́ láti ọ̀dọ̀ yín láàárín ọ̀sẹ̀ méjì.

Káàdì méjèèjì wà nínú páálí wọn pẹ̀lú risíìtì, èyí tó ní àmì búlúù ni mo lò ní Ìṣẹ́yìn. Mo ti kó ohun tó wà lórí rẹ̀ kúrò, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe nu ún kí ẹ tó dá mi lóhùn. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó ní ẹnì kan fẹ́ bá òun wò ó bóyá nǹkan kan ṣì wà níbẹ̀.

Èmi ni oníbàárà yín,
Oníkámẹ́rà, Mọ́kọ́lá.