Ìwé ìbéèrè ewu fún ọmọ tó wà lábẹ́ àbójútó

Sí Olóòtú,

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa àwọn ọmọ tó rú òfin, tí ilé ẹjọ́ fi sábẹ́ àbójútó òṣìṣẹ́ ìjọba dípò àtìmọ́lé. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003, tó múlẹ̀ níhìn-ín l'Abùjá, ti ní kí a wádìí ipò tí ọmọ ń gbé kí adájọ́ tó pinnu lórí rẹ̀. Ìwé ìbéèrè bíi YLS/CMI, tí wọ́n ṣe ní Kánádà láti fi wọn ewu pé ọmọ lè tún rú òfin, lè ran ìwádìí náà lọ́wọ́: ìbéèrè 42 ló ní lábẹ́ orí 8, láti orí ẹbí, ilé ìwé àti ọ̀rẹ́ títí dé orí oògùn olóró àti bí ọmọ ṣe ń lo àkókò ọwọ́ rẹ̀.

Ohun tó ń kọ mí lóminú ni kí a gbé e wá lódindi, láìdán an wò. Ọmọ tó ń ta omi inú ọ̀rá ní Nyanya, tó ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, tí owó kò jẹ́ kó lọ sílé ìwé, lè ti gba àmì ewu rẹpẹtẹ nítorí òṣì lásán. Àwọn tó ṣe ìwé náà pàápàá fàyè sílẹ̀ kí òṣìṣẹ́ kọ ohun rere tó wà lára ọmọ, kó sì yí èsì padà bí ìdí bá wà. Àyè yẹn ló rọrùn jù fún ẹni tí iṣẹ́ ti wọ̀ lọ́rùn láti fò.

Ẹ jẹ́ kí òbí àti agbẹjọ́rò máa rí èsì náà kó tó dé iwájú adájọ́.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín ní Kubwa, Abùjá