Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Àwa Alásè Ilé Jẹ́lé-ó-sinmi: Ẹ Bá Wa Dá sí Oúnjẹ Àwọn Ọmọ Tí Kò Tíì Pé Ọdún Márùn-ún

Sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ wa àti gbogbo Káńsílọ̀,
Nípasẹ̀ ẹ̀ka ìlera àti ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́,
Ìbàdàn.

Ẹ̀yin àgbà wa,

A kí yín kú iṣẹ́ ìlú. Àwa tí a kọ ìwé yìí là ń dáná fún àwọn ọmọ tó wà ní ilé jẹ́lé-ó-sinmi ládùúgbò yín, láti ọmọ oṣù mẹ́fà dé ọmọ ọdún márùn-ún. Ẹ̀bẹ̀ wa ni pé kí ìjọba ìbílẹ̀ bá wa dá sí ohun tí àwọn ọmọ wọ̀nyí ń jẹ. A kò tọrọ owó. Ẹ̀wà, ẹyin, sóyà, omi àti àyẹ̀wò ara là ń bẹ̀bẹ̀ fún.

Láti ọdún 2016 ni ìjọba àpapọ̀ ti gbé ètò oúnjẹ ọ̀fẹ́ kalẹ̀ fún ọmọ kíláàsì kìíní dé ìkẹta ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọba. ₦70 ni wọ́n kọ́kọ́ ń ná lórí àwo ọmọ kan, kí wọ́n tó sọ ọ́ di ₦100. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ti gbé ètò oúnjẹ ilé ẹ̀kọ́ tiwọn, O'Meals, kalẹ̀ ṣáájú, ní 2012. A ò bu ẹnu àtẹ́ lu èyíkéyìí nínú wọn. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá wọ kíláàsì kìíní ti tó bí ọmọ ọdún mẹ́fà, ìgbà tí ara àti ọpọlọ ń yára dàgbà jù ti kọjá lára rẹ̀. Ìwádìí ìjọba lórí iye ènìyàn àti ìlera ní Nàìjíríà (NDHS) ti ọdún 2018 fi hàn pé nínú 100 ọmọ Nàìjíríà tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, 37 ni kò ga tó ọjọ́ orí wọn. Nínú 100 ọmọ oṣù 6 sí oṣù 59, 68 ni ẹ̀jẹ̀ wọn kò tó. Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ (UBE) ti ọdún 2004 ka ìtọ́jú àti ẹ̀kọ́ ọmọ kékeré mọ́ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀. Àwo oúnjẹ wọn ló ṣẹ́kù tí kò sẹ́ni tó kà á mọ́ ọn.

Ẹ jẹ́ ká mú yín dé ìdí ààrò. Ẹ̀kọ mímu ni oúnjẹ àárọ̀ tó wọ́pọ̀ jù. Bí owó tí òbí san kò bá tó, omi ni wọ́n ń bù lé e. Ẹ fi ṣíbí bu ẹ̀kọ náà kí ẹ dà á: bó bá ń ṣàn wọ́ọ́rọ́wọ́, omi ni ọmọ ń mu, nítorí ikùn ọmọ ọdún kan kéré, kì í gbà ju ife kékeré kan lọ. Èyí tó yẹ ọmọ a máa lẹ̀ mọ́ ṣíbí, a sì máa rọra já bọ́. Ìwọ̀n àgbàdo méje sí ìwọ̀n sóyà mẹ́ta la ń pò pọ̀, gẹ́gẹ́ bí ilé iṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Òṣòdì (FIIRO) ṣe ń ṣe sóyà-ògì. A ó ṣa sóyà, a ó fọ̀ ọ́, a ó sè é fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú nínú omi tó ti ń hó, a ó fọwọ́ ra á kí èèpo rẹ̀ lè bọ́, kí a tó kó o mọ́ àgbàdo tí a ti rẹ fún ọjọ́ méjì lọ sí ẹ̀rọ. Ẹni tó bá lọ̀ ọ́ ní tútù, inú á máa run ọmọ, nítorí ohun kan wà nínú sóyà tútù tí kì í jẹ́ kí ara rí èròjà amáradàgbà inú rẹ̀ lò. Iná ló ń pa nǹkan ọ̀hún. Ògì onísóyà tún máa ń tètè bàjẹ́. Ògì lásán tí a ń pààrọ̀ omi orí rẹ̀ lè gbé ọjọ́ mélòó kan, ṣùgbọ́n èyí tó ní sóyà nínú, díẹ̀díẹ̀ la gbọ́dọ̀ máa lọ̀ ọ́.

Ní ti ẹ̀wà, kóńgò kan tó ọmọ 30. Kì í ṣe owó ẹ̀wà nìkan ló ń lé e kúrò nínú ìkòkò, gáàsì tó ń jẹ wà níbẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ń sá sídìí Indomie àti ìrẹsì funfun. Bí a bá rẹ ẹ̀wà mọ́jú, tí a da omi rẹ̀ nù, á tètè rọ̀, ikùn ọmọ kò sì ní wú. Fún àwọn tí kò tíì pé ọdún méjì, mọ́ínmọ́ín tí a bó èèpo ẹ̀wà rẹ̀ ló dára jù, nínú ewé, kì í ṣe nínú ọ̀rá. Epo pupa kò gbọ́dọ̀ jó títí yóò fi funfun, inú àwọ̀ pupa yẹn gan-an ni fítámì A wà. Ẹ̀fọ́, a ń fọ̀ ọ́ kí a tó rẹ́ ẹ, a kì í fún omi rẹ̀ dànù. Ẹ̀pà tí a kò lọ̀ lè há ọmọ lọ́fun. Èyí tó bá ti bu, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dà á nù, májèlé tí bíbu kó sínú rẹ̀ kì í kú lórí iná.

Ibi tó ń dùn wá jù ni ọ̀rọ̀ owó oúnjẹ tó ń pẹ́ kó tó dé ọwọ́ alásè. Olóúnjẹ tí owó rẹ̀ bá pẹ́ a máa ra ọjà láwìn, àwìn a sì máa wọ́n ju ọjà ọwọ́ lọ. Bó bá ti jẹ gbèsè, ẹyin ló ń kọ́kọ́ dín kù, kì í ṣe ìrẹsì, nítorí ọmọ kì í sunkún pé òun kò rí ẹyin. Ìdí rèé tí a fi ní kí ẹ fún wa ní ọjà, kì í ṣe owó. Fún ilé tó ní ọmọ 40, ọ̀sẹ̀ kan gba ẹ̀wà kóńgò mẹ́rin (ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀), ẹyin kíréètì méjì (ìdajì ẹyin fún ọmọ kan, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀) àti sóyà kóńgò méjì. Ẹ rà á ní ọjà Bódìjà lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á lápò-lápò, kí a wọ̀n ọ́n lójú òbí méjì, kí wọ́n fọwọ́ sí ìwé. Àgbàdo, ìrẹsì, ata, gáàsì àti owó iṣẹ́, owó tí òbí ń san á gbé e.

Omi wà níbẹ̀. Ní ìṣirò wa, ọmọ 40 kò lè lo omi tó dín ní kẹ́ẹ̀gì oní-lítà 25 mẹ́jọ lójúmọ́: ti mímu, ti ìdáná, ti fífọ ọwọ́ àti àwo. Níbi tí a bá ti ń ra omi, ọwọ́ fífọ̀ ló ń kọ́kọ́ di ohun à ń ṣọ́ ná, ìgbẹ́ gbuuru a sì gba ohun tí ẹ̀wà fún ọmọ. Ẹ bá wa fa omi ẹ̀rọ dé ibi tí páìpù wà nítòsí, kí ẹ gbé táǹkì fún ibi tí kò sí. Oúnjẹ tí a sè kò sì gbọ́dọ̀ ju wákàtí méjì lọ nínú kúlà. Lílọ́ wọ́ọ́rọ́ inú kúlà ni kòkòrò àìfojúrí inú ìrẹsì ń fẹ́.

A bẹ̀ yín pé kí nọ́ọ̀sì ìjọba ìbílẹ̀ wá lẹ́ẹ̀kan ní táàmù kọ̀ọ̀kan, kó fi okùn ìwọn apá wọn àwọn ọmọ láti oṣù mẹ́fà sókè. Èyí tí apá rẹ̀ kò tó sẹ̀ǹtímítà 11.5, ilé ìwòsàn ni kó lọ lọ́jọ́ náà; èyí tó wà láàárín 11.5 sí 12.5, a ó fi ẹyin kún tirẹ̀, a ó sì tún un wọ̀n. Kó bá wa fún wọn ní fítámì A lóṣù mẹ́fà-mẹ́fà, àti oògùn aràn fún àwọn tó ti pé ọdún kan. Àyẹ̀wò ara tí wọlé-wọlé ń béèrè lọ́wọ́ alásè lóṣù mẹ́fà-mẹ́fà, ẹ jẹ́ kó di ọ̀fẹ́ fún àwa tó ń dáná fún ọmọdé.

Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà kò sí nínú ìṣirò yìí. Ọmú ìyá nìkan ni tirẹ̀, ibi tí ìyá lè jókòó sí fún un lọ́mú ló nílò.

Ní tiwa, a ó lẹ oúnjẹ ọ̀sẹ̀ mọ́ ara ògiri níbi tí òbí á ti rí i, a ó sì yọ alásè tó bá ta ẹyin ọmọ kúrò láàárín wa. Ẹ jẹ́ ká fi ilé mẹ́wàá bẹ̀rẹ̀ fún táàmù kan, kí nọ́ọ̀sì wọn apá àwọn ọmọ lẹ́ẹ̀mejì ní táàmù ìdánwò yẹn nìkan, ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ àti ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn. Ọjọ́kọ́jọ́ tí ẹ bá pè wá sí ìpàdé, a ó kó ìwé ìdáná wa dání.

Àwa ni tiyín nítòótọ́,
Alága, Akọ̀wé àti Akápò,
lórúkọ gbogbo alásè ilé jẹ́lé-ó-sinmi