Ibi tí ojú lè ríran dé láti orí Olúmọ

Bàbá Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí Ìyá Ìbejì. Ṣé òtútù Sheffield ti ń dẹwọ́? Ara wa le níbí.

O bèèrè ohun tí mo ń fi kọ̀ǹpútà ṣe lóru. QGIS ni mo ń kọ́, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ya máàpù, ọ̀fẹ́ ni. Mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń ya ọ̀nà àti odò sórí rẹ̀. Èyí tó gbà mí lọ́kàn báyìí ni kí ilẹ̀ dìde lójú ẹni, òkè kó ga, àfonífojì kó jìn, kí n sì bi í pé: ẹni tó bá dúró síhìn-ín, ibo ni ojú rẹ̀ lè ríran dé?

Olúmọ ni mo fi ń kọ́ ọ. Nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá sá ogun dé abẹ́ àpáta náà ní ọdún 1830, ibẹ̀ ni wọ́n sápamọ́ sí, orí rẹ̀ ni wọ́n sì ti ń ṣọ́ ọ̀tá. Mo fẹ́ mọ ohun tí aṣọ́nà wọn lè rí. Endeavour, ọkọ̀ òfurufú ti NASA, àjọ Amẹ́ríkà, ló fi rédà wọn gíga ilẹ̀ tí mo lò, láti òfurufú, ní oṣù Kejì ọdún 2000. Ó pín ilẹ̀ sí igun mẹ́rin kéékèèké tó fẹ̀ tó mítà 30, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní gíga tirẹ̀. Kọ̀ǹpútà á wá fa ìlà láti ojú aṣọ́nà lọ sí gbogbo wọn. Bí òkè kan bá ti dábùú ìlà náà, ojú ò tó ibẹ̀ nìyẹn. Ìdí àpáta gan-an lè fara sin, kí òkè tó jìnnà sì hàn kedere.

Gíga tí o bá fún aṣọ́nà ló ṣe kókó jù. Ojú ẹni tó dúró ga tó mítà 1.6, ṣùgbọ́n igun mítà 30 máa ń pa ṣóńṣó àpáta pọ̀ mọ́ ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ò bá fi mítà díẹ̀ kún un, ìsàlẹ̀ ibi tí aṣọ́nà dúró ló gbé e sí. Rédà náà sì ń ka orí igi àti òrùlé mọ́ ilẹ̀. Abẹ́òkúta ọdún 2000 ni mo ń wò, kì í ṣe igbó 1830.

Àwòrán 3D rẹ̀ lẹ́wà, àmọ́ mi ò gbà á gbọ́ tó ìṣirò. Èèyàn lè fa òkè ga ní ìlọ́po mẹ́ta kó lè hàn dáadáa, kí ẹni tó ń wò ó rò pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Ó yẹ kí wọ́n máa kọ ìlọ́po náà sétí àwòrán.

Mo ní iṣẹ́ kan fún ọ. Ìjọba fi dátà lidar (gíga ilẹ̀ tí wọ́n fi ìtànṣán lésà wọ̀n) ti ilẹ̀ England sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, mítà kan péré ni igun tirẹ̀. Ilẹ̀ lásán wà lọ́tọ̀, ilẹ̀ pẹ̀lú ilé àti igi wà lọ́tọ̀. Sheffield sì kún fún òkè. Sọ àdúgbò rẹ fún mi, àti àjà tí pálọ̀ rẹ wà, kí n ya ohun tó yẹ kí o rí. Ìwọ náà ya fọ́tò láti ojú fèrèsé, ká fi wé ara wọn.

Bá mi gbá àwọn ìbejì mọ́ra.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ ní Abẹ́òkúta