Ọ̀rọ̀ Olùṣọ́-Àgùntàn: Ọkùnrin tí Àga Ìwàásù Kò Gbà

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, mo kí yín kú ọ̀sẹ̀ tuntun.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, mo lọ kí ìyá kan nílé ìwòsàn ní Hyde Park, níbí ní Chicago. Nígbà tí mo jáde, mo ní kí n na ẹsẹ̀ díẹ̀ kí n tó wọ mọ́tò, ni mo bá gba ẹ̀gbẹ́ ilé ìkàwé ńlá Yunifásítì Chicago kọjá. Ère kan wà níbẹ̀ létí òpópónà Ellis, lókè ó rí roboto bí agbárí èèyàn, tàbí bí olú. Ibẹ̀ ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti kọ́kọ́ tan agbára átọ́ọ̀mù ní ọjọ́ 2 oṣù Kejìlá 1942. Ṣùgbọ́n pápá bọ́ọ̀lù ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀ rí. Abẹ́ ìjókòó àwọn òǹwòran ni wọ́n ti ṣe iṣẹ́ náà. Stagg Field ni wọ́n ń pe pápá yẹn. Ẹni tó ni orúkọ náà ló gbà mí lọ́kàn lọ́sẹ̀ yìí, torí ó fẹ́ di pásítọ̀, kò rí i dì.

Wọ́n bí Amos Alonzo Stagg ní 1862 ní West Orange, New Jersey. Oníṣẹ́ bàtà ni bàbá rẹ̀, owó kò sì sí nílé. Ó wọ Yunifásítì Yale pẹ̀lú èrò pé iṣẹ́ òjíṣẹ́ Ọlọ́run lòun máa ṣe. Yàrá òkè àjà tí kò ní hítà ló ń gbé, bísíkíìtì gbígbẹ ló sì ń jẹ, títí àìjẹun-kánú fi dá a dùbúlẹ̀. (Ẹ̀yin tí hítà yín ti bàjẹ́ rí nínú oṣù Kíní ìlú yìí, ẹ̀yin lẹ mọ ohun tí mò ń wí.) Ó mọ béésíbọ́ọ̀lù jù débi pé àwọn ẹgbẹ́ tó ń gbá a jẹun gbé owó wá, ó kọ̀ ọ́, ó ní iṣẹ́ Olúwa lòun ń lọ ṣe. Nínú bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà náà, èyí tó rí bí ẹyin tí wọ́n ń gbá mọ́yà sáré, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣa àwọn 11 tó pegedé jù lórílẹ̀-èdè yìí ní 1889, orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀.

Àmọ́ ẹnu rẹ̀ kò jẹ́ kó rìn. Tó bá dìde níwájú èrò, ọ̀rọ̀ kì í já gaara. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ pé òun kò ní ẹ̀bùn ìwàásù. Ẹ rò ó wò ná: kéèyàn fi ebi para rẹ̀ nítorí àga ìwàásù, kó gun orí rẹ̀ tán, kí ohùn má jáde.

Ó kó ẹrù rẹ̀ lọ sílé ẹ̀kọ́ YMCA, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin Kristẹni, ní Springfield, Massachusetts. Ẹni tó bá níbẹ̀, James Naismith, òun náà ti kẹ́kọ̀ọ́ ìsìn, òun ló sì gbé apẹ̀rẹ̀ èso kọ́ sókè ní oṣù Kejìlá 1891 tó fi dá bọ́ọ̀lù tí a ń jù sáwọ̀n lónìí sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbá a níwájú èrò, ní oṣù Kẹta 1892, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ na àwọn olùkọ́ ní 5 sí 1. Stagg ló ju ẹyọ kan yẹn.

Lọ́dún náà ni William Rainey Harper, tó ti jẹ́ olùkọ́ rẹ̀ ní Yale, gbé e wá sí Yunifásítì Chicago tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀. Ọdún 40 ó lé ló fi jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́ngbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà níbẹ̀. Láti Yale ló ti ká mátírẹ́ẹ̀sì, tó fi okùn so ó rọ̀, káwọn ọmọ lè máa fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń fò mọ́ ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù. Kì í mu sìgá, kì í mutí, kì í ṣépè. Tínú bá bí i gan-an, á pe ọmọ ní kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Tó bá burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, á ní kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ lọ́nà méjì. Mo mọ àwọn alàgbà tí kò lè kó ẹnu wọn níjàánu tó bẹ́ẹ̀ nípàdé ìjọ. Ní 1905, àwọn ọmọ rẹ̀ na ẹgbẹ́ Yunifásítì Michigan, tí ẹnikẹ́ni kò rí nà nínú ìfigagbága 56, ní 2 sí 0.

Nígbà tó pé ẹni 70 ọdún, yunifásítì ní kó lọ sinmi. Wọ́n fi iṣẹ́ ọ́fíìsì lọ̀ ọ́, ó kọ̀, ó kọrí sí Stockton ní California, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọdún 81 ni, ní 1943, nígbà tí wọ́n fi í ṣe akọ́nimọ̀ọ́ngbá tó ta yọ jù lọ́dún náà. Lẹ́yìn èyí, ó lọ ran ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ ní Pennsylvania, Stella ìyàwó rẹ̀ á sì máa kọ bí eré ṣe ń lọ sílẹ̀ fún wọn. Ó lé ní 90 ọdún tó ṣì ń kọ́ àwọn ọmọ ní Stockton bí wọ́n ṣe ń fẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù. Ẹni 102 ni nígbà tó kú ní 1965. Ẹnì kan lè ní kò mọ ìgbà tó yẹ kó gbé e sílẹ̀. Ó ṣeé ṣe. Àrùn yẹn ń ṣe àwa pásítọ̀ náà.

Mósè pẹ̀lú ní ẹnu òun wúwo. Ẹ tún Ẹ́kísódù orí 4 kà: kí ọ̀rọ̀ Áárónì tó wáyé rárá, Ọlọ́run ti bi í ní ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀pá tó fi ń da ẹran ni.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká mi lára rèé. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, kì í ṣe nínú ìjọ yìí, ìyá kan mú ọmọ rẹ̀ wá bá mi. Wọ́n ti sọ tẹ́lẹ̀ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ pé oníwàásù ni. Ọmọ ní eré ìdárayá lòun fẹ́ kọ́ nílé ìwé, kóun lè máa kọ́ àwọn ọmọdé ní bọ́ọ̀lù. Mo ní, “Bọ́ọ̀lù ò lè gbé ọ dé ọ̀run.” Ó wolẹ̀, ó ní, “Ẹ ṣé, sà.” Mo rò pé mo ti ṣiṣẹ́ mi.

Ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀, mo wá nọ́ńbà rẹ̀ kàn. Ó gbé e. “Ha, Dádì! Ẹ má bínú, sà, ẹ dúró díẹ̀, a wà ní pápá.” Ó ki fóònù bọ àpò, kò pa á. Mo ń gbọ́ fèrè, mo ń gbọ́ ariwo ọmọdé, mo gbọ́ tó ń sọ fún ẹnì kan kó jókòó, kó tún okùn bàtà rẹ̀ so, pé ẹsẹ̀ òsì ló tú. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. N kò gé e.