Fídáù Ọdún Kan fún Bàbá Ẹ̀ṣọ́

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ẹ kú ojúmọ́ o. Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni yóò pé ọdún kan tí Bàbá Ẹ̀ṣọ́ ti papò dà. Ilé wọn ní Àjàṣẹ́-Ìpo la ó ti ṣe fídáù, aago 10 àárọ̀. Ẹ má jẹ́ kí Àfáà máa retí wa.

Ọ̀fẹ́ ni Bàbá fi ṣe ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, wọn ò gba kọ́bọ̀. Ní oríta tí ọ̀nà Ìlọrin ti yà sí Ọ̀fà àti Òmù-Àrán, bí ọkọ̀ bá kọlu ara wọn, àwọn ni ẹ ó kọ́kọ́ rí, tòjò tẹ̀ẹ̀rùn. Ohun tó ń bí wọn nínú jù ni kí èèyàn máa fi fóònù ya ẹni tó ń ṣẹ̀jẹ̀ (àwa náà ń ṣe é, ẹ jẹ́ ká sòótọ́). Wọn a ní ká má rọ omi sí i lẹ́nu, ká pe nọ́ńbà pàjáwìrì, 122 tàbí 112.

Kò sí aṣọ ẹbí. Bàbá kórìíra ìnáwó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ dáwó, kó fún akápò kí Jímọ̀ tó kọjá. Àpótí oògùn ìtọ́jú pàjáwìrì la fẹ́ fi rà fún gáréèjì.

Akọ̀wé ẹgbẹ́